Tánsíọ̀n Kì Í Ṣe Ìjà Tí À Ń Parí

Agbalépédogan, Lomé.

Ọmọ mi Làtífù, Àjàní ọkọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé, ìwọ àti Afi ìyàwó rẹ, nínú ilé yín tuntun ní Baguida. Ara mi le. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ti kí ọ tán. Jẹ́ kí n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo pè ọ́ láti béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé o ti padà lọ rí dókítà tó yẹ̀ ọ́ wò nígbà tí o fẹ́ wọṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ yín ní Zone Franche, èyí tó sọ pé tánsíọ̀n rẹ ga? O ní o ti gbọ́. Mo tún béèrè. O ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń fún mi ní tánsíọ̀n!" O sì pa fóònù mọ́ mi létí. Mo wo fóònù náà títí. Oníbàárà kan tó ń wọ sálúbàtà wò ní ṣọ́ọ̀bù mi béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí o, ọmọ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àìsàn tó ń ṣe é di ẹ̀bi mi.

Mi ò pè ọ́ padà. Bí mo bá pè, ìjà la máa jà, wàá sì tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lẹ́tà ni mo kọ, nítorí lẹ́tà kò ṣeé pa mọ́ni létí. Jókòó kí o kà á tán. Gbé ife omi kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ, wàá mọ ohun tí omi náà wà fún bó bá yá.

Ọ̀rọ̀ tánsíọ̀n yìí ti sú mi. Ohun tí àwọn èèyàn wa ní Nàìjíríà ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣùgbọ́n ní Lomé níbí, a ti gbà á lẹ́nu àwọn dókítà, a ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ayé. Onízẹ́mì, ọlọ́kadà tiwa níbí, tí mọ́tò dí lọ́nà ní wọ́n ń fún alùpùpù òun àti òun ní tánsíọ̀n. Obìnrin tó ń nájà lọ́wọ́ mi, bí mo bá ti dá iye lé e, á di àyà mú: "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ gbé tánsíọ̀n mi sókè ni?" Bí mo bá dín in díẹ̀, tánsíọ̀n ti wálẹ̀ nìyẹn, a kò tíì ká sálúbàtà sínú ọ̀rá. Iná lọ, tánsíọ̀n. Ọmọ fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tánsíọ̀n. Àwọn ìyá inú ẹgbẹ́ àdúrà wa tiẹ̀ ń pe nọ́ńbà tiwọn bí ẹni ń pe ọjọ́ orí àkọ́bí. Bí ọ̀kan bá pe tirẹ̀, èkejì á yínmú, á ní kékeré ni, ẹ jẹ́ kí òun sọ tòun.

Kò burú. Èmi náà ń sọ ọ́. Ọjọ́ tí o mú Afi wálé láì sọ fún mi ṣáájú, tí kò sí ọbẹ̀ nílé, kí ni mo sọ? Mo ní o ti fún mi ní tánsíọ̀n. A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, Làtífù, kò sì mọ̀ pé eré ni à ń ṣe.

Dókítà tó tọ́jú bàbá rẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí tó fi yé mi. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára ti ara iṣan ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ó lè ga lára ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó lè ga lára ẹni tó ń sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dun èèyàn, kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Òótọ́ ni pé bí inú bá bí ọ, ó lè gòkè fún ìgbà díẹ̀, bí ó ṣe ń gòkè lára ẹni tó sáré. Ìyẹn kọ́ ni dókítà tìrẹ bá lára rẹ. Èyí tí kì í sọ̀kalẹ̀ ló bá, èyí tó ń gbé inú ilé pẹ̀lú rẹ, tó ń bá ọ wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, yálà inú rẹ dùn tàbí kò dùn.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sórí fóònù, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ máa ń gbóná lẹ́nu. Afi ló kó mi láyà jẹ.

Ó wá lọ́jọ́ Sunday, ó gbé ẹja gbígbẹ wá fún mi láti etíkun yín níbẹ̀. Mo béèrè ara rẹ. Ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ça va. Patron rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti lọ sí kóńjé, ó ń sinmi nílé. Kò tiẹ̀ nílò oògùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí."

Mo ní, "Kí lo wí?"

Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá bí i nínú níbi iṣẹ́ ló máa ń lò ó, Màmá. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kì í lò ó. Ó ní òun ò fẹ́ kó mọ́ òun lára."

Ọmọbìnrin náà bá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. "Pardon, Màmá. Ọjọ́ tí wọ́n wò ó ní ilé oògùn tó tún ga yẹn, èmi ni. Ẹ̀rọ omi wa bàjẹ́, mo bá a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀, ohùn mi lọ sókè. Ó ní èmi ni mo fún òun ní tánsíọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn mi ò sọ̀rọ̀ sókè mọ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ó ń sunkún, Làtífù. Ọmọ ọlọ́mọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wálé, ó kúnlẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan rẹ. Mo mọ ibi tó kúnlẹ̀ sí. Èmi náà ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ rí.

O máa ń sọ pé bíi bàbá rẹ lo rí, pé o kì í bínú, pé kí ni tánsíọ̀n máa wá ṣe lára onísùúrù. Òótọ́ ni. Bàbá rẹ gan-an lo jọ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn.

O kéré nígbà náà, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sílé ìwé. Bàbá rẹ ni gbogbo àdúgbò ń ránṣẹ́ pè bí tọkọtaya bá jà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ní mọ́sálásí, òun ni yóò bẹ̀ ọ́. Nígbà tí dókítà wá sọ pé ó ní tánsíọ̀n, ojú ti gbogbo ẹbí àfi bíi pé wọ́n ní ó jalè. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò béèrè irú oògùn tí wọ́n fún un. Ohun tó béèrè ni pé, "Ta ló ń bí àbúrò mi nínú?"

Wọ́n sì pe ìpàdé ẹbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Wọ́n pe ìpàdé lórí ẹ̀jẹ̀. Ó mọ́ wa lára ní ilé wa pé bí nǹkan bá ti dàrú, ìpàdé ló kàn: ẹni tó jẹ̀bi á jẹ́wọ́, á kúnlẹ̀, wọ́n á dárí jì í, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á pín obì. Ọ̀nà tó dára ni fún ìjà. Ó ti tún ilé púpọ̀ ṣe, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, nítorí pé ẹnu mi mú, kò sẹ́ni tí kò mọ̀, àti nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo ti bá bàbá rẹ fa ọ̀rọ̀ páànù òrùlé tó ń jò.

Bàbá Àgbà ní, "Ìyá Làtífù, ṣé ìwọ ni?"

Mo ní, "Bàbá, páànù ló ń jò."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ ní ti páànù. Ṣé ìwọ ni?"

Mo kúnlẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo ní kí wọ́n má bínú, mi ò ní fún un ní tánsíọ̀n mọ́. Bàbá rẹ ń wo ẹní. Ó mọ̀ pé mi ò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n onílàjà ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń da ìpàdé rú. Ó ní òun ti dárí jì mí. Bàbá Àgbà gbàdúrà, gbogbo wa ṣe àmín, a jẹ obì. Lẹ́yìn náà Bàbá Àgbà na apá rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ó parí. Tánsíọ̀n ti lọ." Bàbá rẹ gbé oògùn rẹ̀ sórí kọ́ńbọ́ọ̀dù, kò sì gbé e sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ẹni tí ìjà rẹ̀ ti parí, kí ló tún ń fi oògùn ṣe?

Mo sì pa ẹnu mi mọ́. Èmi! Páànù ń jò, mo gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ilé wa pa rọ́rọ́, àwọn aládùúgbò ń fi wá ṣàpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Nínú àlàáfíà yẹn ni bàbá rẹ ṣubú ní àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, bútà lọ́wọ́ rẹ̀. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́. Bàbá Àgbà sáré dé. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Kí lo tún sọ fún un?"

Ẹ káàárọ̀ ni mo sọ fún un.

Mo mọ̀ pé wọ́n sọ fún ọ pé ẹnu ìyá rẹ ló mú bàbá rẹ ṣubú. Mo rí i lójú rẹ nígbà tí o ń dàgbà. Mo ní kí o dàgbà tán kí n tó ṣàlàyé. O dàgbà tán, o gbéyàwó, mo ṣì ń ronú ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí nígbà yẹn, Làtífù, nígbà tí o sì fi ọ̀rọ̀ kan náà pa fóònù mọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé, ó tún dùn mí bíi tuntun. Mi ò di Bàbá Àgbà sínú. Ó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì í. Dókítà kò sì búra fún mi pé bàbá rẹ ì bá má ṣubú ká ní ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó kàn ní oògùn náà ì bá dáàbò bò ó, pé àdúrà dára, ìparí ìjà dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rọ́pò oògùn nínú wọn. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Wàyí o, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Àkọ́kọ́. Lo oògùn rẹ lójoojúmọ́, bí dókítà ṣe kọ ọ́ fún ọ. Patron rẹ kọ́ ló ni oògùn yẹn, tí yóò fi máa bá a lọ sí kóńjé. Bí wọ́n bá wò ó tó wálẹ̀, má wá sọ pé o ti gbádùn, kí o gbé e sórí kọ́ńbọ́ọ̀dù. Oògùn ló mú un wálẹ̀. Ẹni tí òjò kò pa lábẹ́ òrùlé kì í torí ìyẹn ká páànù kúrò. O ní o ò fẹ́ kó mọ́ ọ lára. Ṣé oúnjẹ kò mọ́ ọ lára ni? Ta ló ti gbọ́ kí o sọ pé o fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀?

Ẹ̀kejì, má fi àgbọ́sọ tọ́jú ara rẹ. Mo sọ eléyìí nítorí mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo rò pé orí fífọ́ ni tánsíọ̀n. Mo bá oníbàárà kan jà lọ́jà, orí ń fọ́ mi, mo ní tánsíọ̀n mi ti gòkè, mo tọrọ oògùn lọ́wọ́ ìyá kan tó ń lò ó, mo gbé e mì. Nígbà tó yá, mo dìde dúró láti bá ẹnì kan mú bàtà, mo dákú sórí àtẹ sálúbàtà ara mi. Oníbàárà tí mo bá jà ló fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí mi lára. Nítorí náà, bí oògùn rẹ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, bí ẹsẹ̀ bá ń wú, bí o bá ń húkọ́, dókítà ni kí o lọ sọ fún, kó pààrọ̀ rẹ̀. Má gba tẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Má sì mu àgbo inú ìgò tí wọ́n ń polówó níbùdókọ̀, tí wọ́n ní ó ń wo tánsíọ̀n, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrọ́mọbí pa pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni iyọ̀. Afi ní o ti pàṣẹ pé kó dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù. Ó dára. Ó tún ní ẹja díndín oníyọ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì Zone Franche ni o máa ń jẹ lọ́sàn-án. Ṣé iyọ̀ tí ìyàwó ẹni kò bá fọwọ́ kàn kì í ṣe iyọ̀ ni? Kí Afi tún dín kúùbù amọ́bẹ̀dùn tó ń rún sínú ọbẹ̀ kù, nítorí iyọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Màá fi bí mo ṣe ń fi ìrú àti ata se ọbẹ̀ hàn án. Bàbá rẹ jẹ ọbẹ̀ mi títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò sọ pé kò dùn. Bóyá torí pé kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ ni.

Mo rẹ́rìn-ín síbẹ̀ yẹn, mo sì tún sunkún díẹ̀. Mo ti gbàgbé ibi tí mo kà dé.

Èyí tó kù yìí ló ká mi lára jù. Má fi orúkọ àìsàn rẹ na ìyàwó rẹ. Bí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́, ẹ̀rọ omi ló bàjẹ́, wá ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè, jẹ́ kó lọ sókè, kí tìrẹ náà lọ sókè, kí ẹ jà bíi tọkọtaya, kí ẹ parí rẹ̀ bíi tọkọtaya. Ahọ́n àti eyín ń jà, wọn ò kó kúrò lẹ́nu. Sùúrù ni baba ìwà, mo gbà, ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe oògùn, ariwo obìnrin kì í sì í ṣe májèlé. Bí nǹkan bá ṣe ọ́ lọ́la, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i, ṣé o mọ ẹni tí wọ́n máa bi pé kí lo sọ fún un? Ọmọbìnrin yẹn ni. Inú èdè mìíràn ni wọ́n bí i sí, tiwa kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu tó láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lẹ́yìn tí bàbá rẹ ti wà lórí ìjókòó fún ìgbà pípẹ́, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ ní àárọ̀ kan, mo fẹ́ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ó fi ọwọ́ òsì tó ṣẹ́kù fún un gbá mi mú lábẹ́ apá, ó ń fà mí sókè. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́?" Ó ń làkàkà, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó ní, "Dì... de." Mo ní bí mo bá dìde, ta ló máa wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un? Inú bí mi. Ìgbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ti ìbọ̀sẹ̀ ló ń sọ. Ìpàdé Jímọ̀ yẹn, níbi tí mo ti kúnlẹ̀, ló ń tú.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sunday, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyàwó rẹ, mo fà á sókè. Mo ní, "Afi, dìde." Ó ní ṣé mo ti bá òun bẹ̀ ọ́. Mo ní kò sí ohun tí a fẹ́ bẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ rí dókítà, kí Afi fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé ohùn òun kọ́ ló fà á. Ní ọjọ́ kejì tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ rẹ, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, màá pè ọ́. Mi ò ní kí ọ, mi ò ní béèrè iṣẹ́. Màá béèrè pé ṣé o ti lò ó. Bí inú bá bí ọ sí mi, bínú dáadáa. Pariwo. Pa fóònù mọ́ mi létí, mo ti lè gbà á báyìí. Ṣùgbọ́n gbé ife omi yẹn, kí o kọ́kọ́ gbé oògùn rẹ mì.

Èmi ni ìyá rẹ tí ẹnu rẹ̀ mú, tí kò sì ní kúnlẹ̀ mọ́, àfi tí ó bá ń kírun.